Ẹyẹ Kékeré Inú Koríko Oko Ọba

Tí ẹ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin kọjá l'Ágége, tàbí ẹ ń lọ sí odò ẹran ní Oko Ọba, ẹ wo orí koríko tó ti so èso. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 lọ. Spermestes cucullata ni àwọn onímọ̀ ń pè é; ọdún 1837 ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní orúkọ náà.

Orí rẹ̀ dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, ìlà wẹ́wẹ́ sì wà níhà rẹ̀. Tí oòrùn bá kan èjìká rẹ̀, á dán bí ìgò aláwọ̀ ewé. Ẹnu rẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò: tòkè dúdú, tìsàlẹ̀ jọ eérú. Ìbátan rẹ̀ kan wà tó jọ ọ́, àmọ́ ẹ̀yìn tìyẹn dúdú kirikiri.

Àwọn ọmọ ló máa ń ṣini lójú. Wọn ò ní orí dúdú rárá. Àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n látòkè délẹ̀. Ẹ má wo ẹyọ kan o, agbo ni kí ẹ wò. Tí àwọn olórí dúdú bá wà láàárín wọn, ọmọ wọn nìyẹn.

Èso koríko ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń yọ àwọn olóko ìrẹsì lẹ́nu. Síbẹ̀, oorun wọn ló wú mi lórí jù: wọ́n máa ń kọ́ ìtẹ́ tí wọn kò yé ẹyin sí, tí agbo á kó sínú rẹ̀ sùn lálẹ́.

Bí ẹ bá ń gé koríko àyíká ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi apá kan sílẹ̀ kó gbó, kí wọ́n lè rí èso jẹ.