Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Tí A Bí Ní Kékeré Tí Kò Sì Ga

Kì í ṣe ọmọ tí ó kúrú nítorí pé bàbá àti ìyá rẹ̀ kúrú li a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ li alẹ́ yi, bíkòṣe èyí tí, nígbàtí a bí i, ó kéré ju bí ó ti yẹ fún iye oṣù tí ó lò nínú ìyá rẹ̀. Nínú irú wọn mẹ́wàá, bí mẹ́sàn-án a máa lé ẹgbẹ́ wọn bá kí nwọ́n tó pé ọdún 2. Nítorí náà kí ìyá máṣe dààmú. Kí ó sá máa gbé ọmọ lọ wọ̀n. Ẹnìkan tí ó kù li ọ̀rọ̀ wa kàn.

Kókó kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Òun li ó ń tú họ́mónù ìdàgbà sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1958, oníṣègùn Maurice Raben ní Amẹ́ríkà ròhìn pé òun fi èyí tí a yọ lára òkú ènìà mú ọmọ tí tirẹ̀ kò tó ga sí i. Inú dídùn pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1985 a rí i pé díẹ̀ nínú àwọn tí a fún ní abẹ́rẹ́ náà ti kó àrùn ọpọlọ Creutzfeldt-Jakob, èyí tí kò gbóògùn, nwọ́n sì kú. A dá a dúró ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba. Li ọdún kan náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí a mú kí kòkòrò tí ojú kò lè rí máa ṣe; kò sí ohun òkú nínú rẹ̀ mọ́.

Ní 2001 Amẹ́ríkà, ní 2003 Yúróòpù, gbà pé kí a lò ó fún ọmọ tí a ń wí yi. Ẹ kíyèsí i: nínú púpọ̀ wọn, kókó náà kò ṣàìsàn rárá, a ń bù kún ohun tí nwọ́n ti ní ni. Li alaalẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, li a ń gún un sábẹ́ awọ, dókítà a sì máa ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Owó rẹ̀ pọ̀. Èrè rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀n ìbú ìka díẹ̀ nígbàtí ó bá dàgbà tán. (Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta á li ọjà bí ohun mímu, ẹ má rà á, bí a bá gbé e mì, inú yíò dà á bí ẹran.)

Àwa kò bá òbí tí ó yàn án wí, bẹ́ẹ̀ li a kò bá èyí tí ó kọ̀ wí. Kí nwọ́n sá bi ọmọ náà pẹ̀lú, nítorí itan rẹ̀ li abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Kí ìbéèrè náà má sì pẹ́ jù, nítorí bí eegun bá ti gbó, tí ó sì dẹ́kun gígùn, kò sí abẹ́rẹ́ tí ó lè mú un ga mọ́.