Apoògùn àti Ẹni tí Àrùn Ọkàn Ń Ṣe

Ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ tí dókítà bá ní kí ẹni tí àrùn ọkàn ń ṣe máa lọ sí ilé rẹ̀. Àwọn ará ilé a wá mú un, wọn a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọn a sì rò pé àìsàn ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2012 tẹ̀lé aláìsàn 1,006 tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, ní orílẹ̀-èdè 9 ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà wà lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ti nǹkan bí ìdajì wọn. Kí oṣù 6 tó pé, nǹkan bí ènìyàn 18 nínú ọgọ́rùn-ún ti kú.

Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe tuntun. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọsibítù UCH, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kì í bá aláìsàn lọ sí ilé. Ó lè tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. Oògùn, ní tirẹ̀, kì í pẹ́ tán. Ọwọ́ apoògùn ni akọ̀wé tí ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì Àgọ́dì tàbí ìyá tí ń tajà ní Géètì yóò ti rà á, apoògùn náà ni ó sì lè kọ́kọ́ mọ̀ bí nǹkan kò bá lọ déédéé. Bí oògùn ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti yẹ kí ó tán, tí ẹni tí ó ni í kò yọjú, ó yẹ kí a béèrè rẹ̀.

Àwọn kan dáwọ́ dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́. Àwọn mìíràn ń dá kóró oògùn sí méjì nítorí owó, bẹ́ẹ̀ ni apoògùn lè mọ oògùn kan náà tí orúkọ mìíràn mú kí ó dínwó. Lisinopril a máa mú kí àwọn kan máa wú ikọ́ gbígbẹ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa ra oògùn ikọ́ kiri, nígbà tí ó yẹ kí dókítà pààrọ̀ ti àkọ́kọ́.

Ibi tí ewu pọ̀ sí ni oògùn ara ríro. Ibuprofen àti diclofenac, tí a ń rà bí ẹni ra gúgúrú, a máa dá omi àti iyọ̀ dúró nínú ara. Wọ́n ń ba iṣẹ́ furosemide, oògùn tí ń mú ni tọ̀, jẹ́. Ẹsẹ̀ a wú, èémí a sì nira. Bí aláìsàn bá fi kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3, omi ni, kì í ṣe ẹran ara. Kí ó tètè padà sí ọsibítù.

Ọ̀ràn àgbo sì wà níbẹ̀. Apoògùn tí ó bá fi ìbínú béèrè kò ní gbọ́ òótọ́. Káún tí a fi ń se ewédú pàápàá, ohun kan náà tí ó wà nínú iyọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀.

Kí aláìsàn kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú àpò kan, èyí tí dókítà kọ àti èyí tí aládùúgbò fún un, kí ó gbé e lọ bá apoògùn. Nígbà mìíràn, oògùn kan náà ni ó ti ń lò lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ orúkọ méjì.