Ìlù Ti Yí Padà: Bí A Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ fún Ìdánwò TRCN

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá àwọn ọmọ Láfẹ́nwá sọ

 

Ọ̀rọ̀ ìdánwò TRCN ni mo gbé wá. TRCN ni àjọ tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀ kí wọ́n sì máa fún wọn ní láísẹ́ǹsì. Ó kan àwọn tó ń kọ́ Guidance and Counselling náà. Kì í ṣe káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ni mò ń sọ o! Olùgbaninímọ̀ràn iléèwé ni. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ ló ti máa ń gba oyè rẹ̀, àárín akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹlòmíì lè ní, kí ni iṣẹ́ yẹn wúlò fún? Ẹ jẹ́ n rán yín létí. Lọ́dún 1959, àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin 60 tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. 54 nínú wọn ló ríṣẹ́. Ibẹ̀ la ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Ní 1976, àwọn olùgbaninímọ̀ràn dá ẹgbẹ́ tiwọn, CASSON, sílẹ̀. Ládùúgbò wa lónìí ńkọ́? Ọmọ tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì lè dé SS3 kó tó gbọ́ pé òun nílò Chemistry. Ta ni ì bá ti sọ fún un?

Ẹ wá wo ohun tó yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ní NCE tàbí digirí ẹ̀kọ́ olùkọ́ á kó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, ó parí. Nígbà tó yá, wọ́n mú ìdánwò kan wá tí wọ́n ń pè ní PQE, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń ṣe é. Ìsọ̀rí mẹ́rin ló ní: A fún ẹni tó ní PhD, B fún masters, C fún digirí, D fún NCE. Ìjọba tún fi 31 December 2019 ṣe gbèdéke pé ẹni tí kò bá kúnjú òṣùwọ̀n kó kúrò ní kíláàsì. Ìyá tó fi owó ata rán ọmọ lọ sí Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, ṣé ó yẹ kí ọmọ náà gba ìwé-ẹ̀rí tán kó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà?

Bí ìlù bá yí padà, ijó náà gbọ́dọ̀ yí padà. Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe múra:

Àkọ́kọ́, ẹ yẹ orúkọ yín wò. Bó ṣe wà lórí ìwé-ẹ̀rí ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ìsọ̀rí tó tọ́ sí yín.

Èkejì, ẹ kà kọjá ìbéèrè àtijọ́. Nǹkan mẹ́rin ni TRCN ní kí tíṣà mọ̀: ìmọ̀ iṣẹ́, bí a ṣe ń ṣe é, ìwà àti ìṣe, àti ojúṣe ẹni sí ẹgbẹ́ iṣẹ́. Ẹ mú ìwé òfin ìwà tíṣà, kẹ́ ẹ máa fi ọ̀rọ̀ tó lè ṣẹlẹ̀ dán ara yín wò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ fún ọ pé wọ́n ń lù òun nílùkulù nílé, ṣé wàá gbé e dé yàrá àwọn tíṣà láti fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ? Ta ló yẹ kó gbọ́, ta ni kò yẹ kó gbọ́? Ẹni tó há ìdáhùn sórí lásán á ta kókó níbẹ̀.

Ìkẹta, ẹ fi kọ̀ǹpútà dánra wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ló jẹ́ pé báírò ni wọ́n fi ṣe ìdánwò gbẹ̀yìn. Ẹ lọ sí káfè, ẹ di máòsì mú, ẹ fi aago síwájú. Ìmọ̀ lè wà lórí kí ọwọ́ má yá.

Ìkẹrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ẹ̀sípò lórí WhatsApp. Ẹni tó ní òun ní ìbéèrè lọ́wọ́, owó yín ló ń wá. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìfọkàntán ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣé irọ́ la fẹ́ fi wọ̀ ọ́?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní láísẹ́ǹsì, wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ la ń bẹ̀bẹ̀ fún, kẹ́ ẹ fi kọ́ àwọn àbúrò yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, laptop tẹ́ ẹ ti pa tì sí igun yàrá lè ṣiṣẹ́ nílé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò náà, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ìsọ̀rí rẹ̀ sórí gúrúùpù ẹ̀ka ọ̀dọ́, ká lè pín ara wa sí ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́.

Elédùmarè á jẹ́ kí làálàá àwọn òbí wa já sí ayọ̀.