Kí Ni Ẹ Ń Kó Sítáǹpù Yín Sí?

Ọ̀rọ̀ sítáǹpù ni mo gbé wá fún yín lónìí. N kò ní sọ bí a ti ń ṣa á jọ, nítorí ẹni tí ó bá ti fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá olùkọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ibi tí a ń kó o sí lẹ́yìn tí a bá ti rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí ó ti ń ṣa sítáǹpù jọ láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé ìwé. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, ó tò sórí ìlà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ra àwọn sítáǹpù òmìnira, ó sì tọ́jú wọn láìlò. Ní ọdún 1982, owó wọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó sì ra álíbọ́ọ̀mù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, tí ojú ewé rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tí ó mọ́ gaara. Àwọn tí ó ṣọ̀wọ́n jù ni ó kó sínú rẹ̀. Ó fi àwọn yòókù sínú ìwé lẹ́jà àtijọ́ kan tí bàbá wa fi ń ṣe ìṣirò kòkó.

Ní ọdún 1997, ó gbé méjèèjì jáde láti fi wọ́n ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Nígbà tí ó ṣí álíbọ́ọ̀mù olówó ńlá yìí, ojú ewé rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹni pé a fi epo pa á. Àwọ̀ sítáǹpù ti kúrò lára ìwé, ó ti di ti ọ̀rá. Èyí tí ó bá fà a máa ya. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú lẹ́jà bàbá wa kò ní àléébù kankan. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó pẹ́ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, "Àbúrò, owó mi ni mo fi ra olè wọlé."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Sítáǹpù tí aáyán jẹ pọ̀, èyí tí òjò bàjẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí àpò tí a kó o sí pa kò kéré rárá. Nítorí náà, kí a tó béèrè iye tí wọ́n ń ta álíbọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rá. Ọ̀rá ju oríṣi kan lọ. Èyí tí ó ba ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ni wọ́n ń pè ní PVC. Òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé páìpù le koko. Kí ó tó lè rọ̀ tí yóò fi ṣeé ká bí aṣọ, àwọn tí ń ṣe é a máa po nǹkan olóròóró mọ́ ọn. Oróró yìí kì í dúró síbẹ̀ títí láé. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jáde bí òógùn, pàápàá níbi tí ooru bá wà, yóò sì wọ inú sítáǹpù, yóò tú tàdáwà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè fi imú fura sí i: bí álíbọ́ọ̀mù bá ń rùn bí aṣọ tábìlì oníke tuntun, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á.

Àwọn ọ̀rá tí kò léwu ni polyester, polypropylene àti polyethylene. Polyester ni ó dára jù nínú wọn: ó mọ́ bí dígí, kò ní òórùn, kò sì ní oróró nínú. Òun ni àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé fi ń bo ìwé àtijọ́. Ẹ wo ara páálí ọjà náà bóyá wọ́n kọ orúkọ ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí sí i. Bí ọlọ́jà bá kàn ń sọ pé "ó dára, ó dára," tí kò lè sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Bákan náà ni álíbọ́ọ̀mù fọ́tò tí ojú ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù: ẹ má ṣe fi sítáǹpù kan án.

Ìwé ni ó kàn. Ẹ fi ìwé ìròyìn sínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó rí i bí yóò ti pọ́n. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ohun tí ó wà nínú igi náà ni ó sì ń di ásíìdì bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ẹ mọ bí ásíìdì bátìrì ti ń jẹ ṣòkòtò awakọ̀. Ti inú ìwé kò yára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe, ó sì ń ran sítáǹpù tí ó bá fara kàn án. Páálí bàtà ńkọ́? Ọmọ ìyá ìwé ìròyìn ni. Òwú ni wọ́n fi ṣe ìwé inú lẹ́jà bàbá wa, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe sítáǹpù ní ibi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo lẹ́jà ni ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wá ìwé tí wọ́n kọ "acid-free" sí lára.

Ní ti bí a ó ṣe fi sítáǹpù dúró lójú ewé, ẹ má lo gọ́ọ̀mù, ẹ má lo ẹ̀kọ, ẹ má sì lo sẹ́lótéèpù rárá. Píìnì a máa dógùn-ún, rọ́bà ìdìwé a máa yọ́ lẹ̀ mọ́ ìwé. Ẹ lo ẹ̀mú kékeré dípò ìka ọwọ́, nítorí òógùn wa náà ń ba nǹkan jẹ́. Sítáǹpù tí a kò tíì lò, tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà, àpò polyester kékeré ni kí ẹ fi í sí.

Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹpù àtijọ́ yìí, oje igi ni wọ́n sábà fi ṣe é, ó sì ń mu ọ̀rinrin. Ní Èkó àti ní gbogbo etí òkun, ẹ mọ bí afẹ́fẹ́ ti ń tutù nígbà òjò tí búrẹ́dì fi ń bu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sítáǹpù ti ń bu, tí yóò di alámì pupa rúsúrúsú. Ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù nàró, ẹ má tò ó lé ara wọn. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e ti ògiri tí òjò ń nà, ẹ má sì gbé e sí abẹ́ páànù gbígbóná. Ẹ má da káńfọ̀ sínú àpótí rẹ̀, nítorí èéfín káńfọ̀ lè mú oríṣi ike mìíràn rọ̀.

Ẹ wo ìyá tí ń ta obì. Ó yan ewé tí ó fi tẹ́ apẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. A máa tú u wò, a máa ṣa èyí tí ó bàjẹ́ kúrò, a sì máa pààrọ̀ ewé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí sítáǹpù. Lóṣooṣù, ní ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ ṣí i, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i.

Ẹnìkan lè ní, "Ìwé kékeré lásán, kí ni gbogbo wàhálà yìí?" Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1874 ni sítáǹpù Èkó àkọ́kọ́ jáde, orí Ọbabìnrin Victoria sì wà lára rẹ̀. Ní 1901, ti Gúúsù Nàìjíríà jáde. Ní 1914, ti Nàìjíríà lódindi. Ẹni tí ó bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ìtàn bí a ti di orílẹ̀-èdè kan ni ó tò kalẹ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò sì ní tún wọn tẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù yín sílẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jáde, kí ẹ sì ti orí àwọn tí a kò tíì lò bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó bá ti lẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ gbé e tọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ. Owó kékeré tí ẹ bá ná sí àpò tí ó dára yóò gba àwọn ọmọ yín lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ.