Ìyá Tí Ó Ti Gánà Bọ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, tí àwọn ará Kwara wà nínú wọn, fi ìsọ̀, ilé àti owó tí wọ́n tajà àwìn sí sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ ro ti opó tí ó kó ọmọ mẹ́ta bọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà nígbà ọyẹ́ náà. Twi yọ̀ mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ìyá wọn ru igi tà. Nígbà tí òjò dé, ó ṣa èso igi òrí. Ó sè é, ó sá a, ó pa á, ó yan án, ó lọ̀ ọ́, ó sì fi omi pò ó títí ọ̀rá fi léfòó, kí ó tó di òrí tí a ń tà lọ́jà. Nínú èrè kékeré náà ni owó ilé-ìwé ti jáde.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà pẹ̀lú lé àlejò jáde. Ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, bí ìyá tí ogun tàbí òfin lé kúrò nílé bá dé abúlé yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi í léèrè ọkọ. Ẹ fún un ní omi, ẹ yá a ní ìkòkò àti odó. Ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe ìyókù.