Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ tí Ó Farapa Lẹ́nu Iṣẹ́



Bí òṣìṣẹ́ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe òun nìkan ni ìyà náà ń jẹ. Bí agbára rẹ̀ ti ń dínkù ni owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ń dínkù. Nítorí èyí ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ fi wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1941. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1987. Èyí tí ó wà lónìí ni wọ́n ṣe ní ọdún 2010. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ aládàáni ni ó wà fún. Àwọn ológun ni kò kàn.

Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò Àjọ NSITF. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó òṣìṣẹ́ fún èyí.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ìdílé mọ̀ ni pé ẹ̀tọ́ yìí kò parí ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ń gba ₦100,000 lóṣù. Ayùn gé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó padà dé, kò lè ṣiṣẹ́ fún odindi ọjọ́ mọ́, owó rẹ̀ sì di ₦60,000. Ohun tí ó pàdánù jẹ́ ₦40,000. Ìdá 90 nínú 100 àdánù náà ni òfin ní kí Àjọ san, èyí ni ₦36,000. Báyìí, ₦96,000 ni yóò máa wọ ilé rẹ̀ lóṣù.

Bí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá títí ayé, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni yóò máa gbà. Bí ó bá kú, tí ó fi aya àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, iye kan náà ni ó tọ́ sí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14 tí ó farapa. Bí ó bá kú, àwọn tí ó ń bọ́ ni yóò sọ ọ́. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ létí láàárín ọjọ́ 7. Ìwé tí wọn yóò fi béèrè owó náà kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ọdún kan lọ.

Kí òṣìṣẹ́ má ṣe gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti yọ̀ǹda ìyókù. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin. Kí agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú má ṣe bo ìfarapa mọ́lẹ̀, nítorí pé owó tí ó ti san sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni.