Ìrìn àti Ìrònú Àwọn Àgbà Wa

 Yíyẹ ìwé owó wò ni ẹ fi mọ̀ wá; lónìí, ẹsẹ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló kàn wá.

Lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ ìlera ní Sweden gbé ìròyìn kan jáde. Wọ́n bá àgbà 58 tí ń gbé ilé ìtọ́jú sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń rìn. Àwọn 12 ní láti dúró kí wọ́n tó dáhùn. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, 10 nínú àwọn 12 náà ti ṣubú.

Ìrìn pàápàá ń lo ọpọlọ. Ẹni tí iyè rẹ̀ bá ń rá, iṣẹ́ méjì pọ̀ a máa wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n a lè fi kọ́ra. Kí bàbá tàbí ìyá kọ́kọ́ rìn lásán lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó máa dárúkọ àwọn ọjà tó mọ̀, tàbí kí ó máa yọ mẹ́ta-mẹ́ta kúrò nínú ọgbọ̀n. (Akápò àtijọ́ kan ní kí a jẹ́ kí òun fi náírà kà á!) Bí ìrìn bá ń dà rú, ẹ mú ìbéèrè rọrùn. Kò wo iyè rírá sàn o. Ẹsẹ̀ ló lè ràn lọ́wọ́.

Níbi ìpàdé, bí àgbà bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ má bi í léèrè gbèsè. Ẹ jẹ́ kó délẹ̀ ná.